ETÍ ṢÁÁJÚ AHỌ́N

Bíbélì Kíkà: Máàkù 7:31-37
Àkọ́sórí: Róòmù 10:17

Olùfẹ́, ṣàkíyèsí bí Jésù ṣe wo adití tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ sàn. Ọkùnrin náà kò gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ sì ṣòro fún un láti sọ. Etí rẹ̀ ni Olúwa kọ́kọ́ ki ìka bọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀. Etí là, ìdè ahọ́n sì já. Ohun tí etí bá gbọ́ ni ẹnu ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe dá ọmọ. Nígbà tí Èlísábẹ́tì gbọ́ ìkíni Màríà, ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀ (Lúùkù 1:41). Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà rí i pé láti nǹkan bí oṣù 6 oyún ni ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn. Bí a bá sì bí i, ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Ní nǹkan bí oṣù 2, yóò máa dún "aa, uu". Láàárín oṣù 6 sí 9, yóò máa ṣe "ba-ba-ba, da-da-da", yóò sì máa bojú wò bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò yọ. Bí ó bá fi pé ọdún 2, yóò máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "Màmá, wá." Ọmọ kì í dọ́gba, ti ẹlòmíràn lè pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ni ọmọ yín ń gbọ́? Tẹlifíṣọ̀n kò lè rọ́pò ẹni tó ń wo ojú ọmọ bá a sọ̀rọ̀. Bí o bá ń wẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé: "Ọwọ́ dà? Ẹsẹ̀ rèé." Kì í ní oríkì. Bí ó bá ní "aa", dá a lóhùn. Má bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n má fi "olódo" àti èpè kún etí rẹ̀.

Bí ọmọ kò bá ta gìrì sí ariwo, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù ńkọ́? Àwọn kan á ní ayé ló di ahọ́n rẹ̀. Wọn á gbé e láti òkè àdúrà kan dé òmíràn fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ní yẹ etí rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú tó le, tó ń sọ ojú ọmọ tuntun di àwọ̀ ìyeyè, lè ba etí jẹ́. Àrùn yírùnyírùn àti etí tó ń ṣọyún náà lè bà á jẹ́. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù 1, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6 bí kò bá gbọ́ràn. Apá ìtọ́jú etí wà ní UCH Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó.

Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àwọn tó fẹ́ràn adití yẹn kò fi í pamọ́ sílé. Wọ́n mú un jáde. Bí ọmọ kò bá sì gbọ́ràn títí, má pè é ní ègún. Jésù pàápàá fi ọwọ́ bá adití yìí sọ̀rọ̀. Èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ jẹ́ èdè, ọmọ rẹ sì lè fi í yin Ọlọ́run.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, sọ "Éfátà" sí etí àti ahọ́n gbogbo ọmọ wa, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, ṣọ́ ẹnu mi, kí ọ̀rọ̀ mi lè kọ́ ọmọ mi, kí ó má bà á jẹ́.
3. Baba, fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì fọhùn ní ọgbọ́n láti tètè gbé ìgbésẹ̀.

ÌṢE ÒÒJỌ́: Lónìí, dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ, kí o pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí kò bá yíjú padà lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, má dúró di ọdún tó ń bọ̀. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.