Ìbẹ̀rù Ha Ni Ọ̀wọ̀ Bí?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń múra àtilọ kọ́ni fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí kíláàsì bá dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí pé pàṣán wà lórí tábìlì, ǹjẹ́ a lè sọ pé àwọn ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún olùkọ́?

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù a máa pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣí etí. Ọmọ tí ó ń ṣọ́ ọwọ́ olùkọ́ kò ráyè wo ohun tí ó kọ sójú pátákó. Bí olùkọ́ bá sì jáde, ariwo a tún bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó dá a dúró ti bá a jáde.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa ni ó wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tuntun tí kò tíì mọ orúkọ ọmọ, ọwọ́ wo ni yóò fi fà á mọ́ra?

Ní 1970, Jacob Kounin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ó rí i pé kì í ṣe bí olùkọ́ ti ń báni wí lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń mú kí kíláàsì tòrò, bí kò ṣe pé ojú rẹ̀ wà lára gbogbo ọmọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ geerege.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ wọn, kí a múra iṣẹ́ sílẹ̀ kí a tó lu agogo, kí òfin wa sì de ọmọ olówó àti ọmọ tálákà bákan náà. Ọ̀wọ̀ tí a fi òdodo gbà kì í bá olùkọ́ jáde.