GBÁ ILÉ, KÍ O SÌ PE ALÁDÙÚGBÒ WỌLÉ

Bíbélì kíkà: Lúùkù 15:8-10



Obìnrin inú òwe yìí sọ ẹyọ owó fàdákà kan nù nínú mẹ́wàá. Ó tan fìtílà, ó gbá ilé, ó fara balẹ̀ wá a títí ó fi rí i. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ jọ. Orí ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ni ó pè wọ́n sí; kò lé ẹnikẹ́ni pé kí ó má tẹ ilẹ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títọ́jú kì í ṣe àjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn baba ńlá wa a máa to àpáàdì ní òòró sí ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, wọn a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i nígbà mìíràn. Irú rẹ̀ wà ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní ọdún 1957. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ rẹ̀, nítorí ó kórìíra ìdọ̀tí. Wọ́n ní àwọn tí ó bá ṣẹ̀ ni ó ń fi iṣẹ́ náà jẹ níyà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ṣé ilẹ̀ fífọ̀ kò tíì di ìjìyà nínú ilé tiwa? Ọmọ ọ̀dọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìdájí, àwọn ọmọkùnrin ilé ṣì ń sùn. Ìyá ilé alára ń rojọ́ ẹ̀yìn ríro, kò sì lè wá sí ìpàdé. Ẹni tí ó bá sì tẹ ilẹ̀ tútù, èébú ni. Ilẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n àlàáfíà ti bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ náà rọrùn. Èkínní, bàtà ni ó ń gbé iyanrìn wọlé. Kí a tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo wa sì bọ́ bàtà síbẹ̀. Èkejì, kí a ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí a sì gbá ilẹ̀ dáadáa kí omi tó kàn án; eruku tí a kò gbá, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Ẹ̀kẹta, kí a lo báàkẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan àkísà. Ọṣẹ díẹ̀ tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ilẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, eruku yóò sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹrin, ìnulẹ̀ onígi gígùn yóò gba àwọn ìyá àgbà lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe po Jik mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Èkarùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù: kí a pín iṣẹ́ náà, t'ọkùnrin t'obìnrin. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olúwa tìkára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ eléruku àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ka iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí ìjìyà ẹlòmíràn.

Arábìnrin, ẹyọ owó tí ó sọnù nínú ilé wa lè jẹ́ ọmọ náà gan-an tí ó di ọwọ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí a tan fìtílà, kí a wá a rí.

Àdúrà: Olúwa, wẹ ilé wa mọ́, wẹ ọkàn wa pẹ̀lú. Jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wa ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹsẹ̀ tí ìwọ bá rán wá. Àmín.