Orí Olókun: Ṣé Iṣẹ́ Ni À Ń Wò, àbí Ẹni tó Ṣe É?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Bí nǹkan bá dára, ṣé ojú wa ló sọ fún wa, àbí orúkọ ẹni tó ṣe é?

Ní ọdún 1910, òyìnbó Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan tó dé adé, tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Ẹnu yà á, ó yìn ín títí. Ṣùgbọ́n kò gbà pé baba ńlá àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríkì, tí wọ́n ní òkun bò mọ́lẹ̀.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú orí idẹ púpọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ Atlantis kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ Ifẹ̀ ni, ó sì ti lé ní 500 ọdún.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1949, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé orí Olókun yẹn kì í ṣe ògidì, ẹ̀dà ni. Bí wọ́n ṣe pa á tì nìyẹn. Lẹ́yìn nǹkan bí 60 ọdún, àwọn mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó jọ pé ògidì ni. Ní gbogbo àkókò yìí, imú rẹ̀ kò gùn sí i, adé rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì wa ní Djègan-Kpèvi, mo ka lẹ́tà kan sókè láì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ní akọ̀wé gidi ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyá kan tó ń ta àkàrà ni, ẹnìkan gba ìwé náà, ó ń wá àṣìṣe kiri. Ó rí àmì ohùn kan tí kò sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí a má bèèrè ẹni tó ṣe nǹkan ni? Rárá o. Ohun tí Frobenius ṣe burú nítorí pé ó yin iṣẹ́, ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. A kò mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ da idẹ yẹn, ṣùgbọ́n a mọ ìlú rẹ̀.