RÚBÌ KỌ́, SPINEL NI

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 17:32-40

Òkúta pupa kan wà níwájú adé tí Ọba Charles Kẹta dé jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster lọ́jọ́ ìdádé rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Black Prince's Ruby ni wọ́n ń pè é. Ó tó káráàtì 170, ìyẹn gíráàmù 34. Ìtàn sọ pé ọba Castile ní ilẹ̀ Sípéènì ni ó fi ta ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ ní ọdún 1367, àti pé Ọba Henry Karùn-ún fi sí àṣíborí rẹ̀ lọ sójú ogun Agincourt ní ọdún 1415.

Ṣùgbọ́n òkúta náà kì í ṣe rúbì. Spinel ni.

Má tètè rẹ́rìn-ín. Inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń wa òkúta méjèèjì ní Mogok, ní orílẹ̀-èdè Myanmar. Chromium kan náà ni ó ń fún àwọn méjèèjì ní àwọ̀ pupa. Ọdún 1783 ni onímọ̀ ará Faransé kan, Romé de l'Isle, tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere.

Báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹni tó bá ti ṣe lábù rí ní póli yóò gbádùn èyí. Mú rúbì tó wọn gíráàmù 36 (ta ni ó tiẹ̀ ní irú rẹ̀ nílé!), kí o tún un wọ̀n nínú omi: gíráàmù 27 ni wàá bá. Spinel tó wọn 36 yóò di 26, nítorí pé kò ki tó rúbì. Ní ti líle, rúbì gba 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, spinel gba 8. Dáyámọ́ńdì nìkan ni ó gba 10.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tú àṣírí jù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú rúbì, ó ń pín sí méjì. Awò kékeré kan wà tí àwọn oníṣòwò òkúta ń lò, dichroscope ni orúkọ rẹ̀. Bí o bá ń yí rúbì níwájú rẹ̀, wàá rí àwọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: pupa tó fà mọ́ àlùkò àti pupa tó fà mọ́ ọsàn. Ní ti spinel, yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, pupa kan ṣoṣo ni. Ìmọ́lẹ̀ kì í pín nínú rẹ̀.

Ṣé ayédèrú wá ni spinel? Rárá o! Gíláàsì tí a pa láró ni ayédèrú. Spinel gidi ni spinel. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú rúbì tó wà lọ́jà lónìí ni wọ́n ti fi iná tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe wa ọ̀pọ̀ spinel jáde ni ó wà. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kàn fi ń pè é.

Wo Dáfídì nínú àṣíborí Sọ́ọ̀lù. Ìhámọ́ra ọba ni, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò lè fi rìn, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ lójú ọba. Lójú tèmi, ìyẹn gba ìgboyà ju kànnàkànnà tí ó ta lọ.

Ìwọ ńkọ́? Àwọn kan nínú wa ti kọ́ títí kan bí pásítọ̀ wọn ṣe ń wúkọ́ lórí pẹpẹ. Arábìnrin kan lè máa fi ààwẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kí òun lè kọrin bí ẹ̀gbọ́n òun, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tí ó bá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo ìjọ ló rí i, àfi òun. Ṣé kì í ṣe 9 ẹlòmíràn ni ìwọ náà fi ń ka 8 rẹ sí òfo?

Nígbà tí wọ́n mọ ohun tí òkúta yẹn jẹ́, wọn kò yọ ọ́ kúrò lára adé. Iwájú ni ó ṣì wà, lókè dáyámọ́ńdì Cullinan Kejì.

Àdúrà: Baba, ràn mí lọ́wọ́ láti bọ́ ìhámọ́ra ẹlòmíràn sílẹ̀ kí n tó jáde nílé lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.