Owó Oṣù Òṣìṣẹ́ Ìlú: Ta Ni Ó Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Rẹ̀ nínú owó tí ó wà láàárín àwa àti àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́.

Aṣọ ni Abubakar ń tà kí ó tó di kálífà. Lẹ́yìn tí wọ́n fi í jẹ tán, ó tún kó aṣọ rẹ̀ lé èjìká, ó forí lé ọjà. Umar àti Abu Ubaydah pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ó ní kí ni òun yóò fi bọ́ àwọn ará ilé òun? Ni wọ́n bá dá a padà, wọ́n sì bu oúnjẹ òòjọ́ fún un láti inú àpò ìṣúra àwọn Mùsùlùmí. Wọn kò sọ pé nítorí pé ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó máa fi ebi ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlú kò lè máa bójú tó ìsọ̀ rẹ̀. Bí ìlú kò bá bọ́ ọ, yóò padà sí ọjà, ọ̀rọ̀ ìlú ni yóò sì dúró.

Òfin Nàìjíríà gbé ìtọ́jú ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fún un ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Ní ọdún 2019, owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ 30,000 náírà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000. Bí ẹnì kan bá rò pé owó náà ti pọ̀, kí ó ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún oṣù kan, kí ó fi owó àpò ìrẹsì kan lé e, kí ó wo iye tí yóò kù fún owó ilé-ìwé.

Àwọn kan ń wí pé kí káńsù kọ́kọ́ ṣe títì, kí ọ̀rọ̀ owó oṣù máa bọ̀ lẹ́yìn. A kò fara mọ́ ọn. Gọ́tà kì í gbá ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí a kùn ní ọ̀dà tuntun, tí agbẹ̀bí rẹ̀ wà nídìí ọjà ní ọ̀sán gangan, ilé lásán ni. Pátákó àwòrán olóṣèlú a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tuntun. Kò sí pátákó tí à ń rì fún owó oṣù tí a san lásìkò. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn mìíràn a rán wa létí pé nígbà tí ikú dé bá Abubakar, ó ní kí wọ́n dá ohun tí ó kù lọ́wọ́ òun padà sí àpò ìṣúra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ènìyàn lè yááfì ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Kò lè bá agbálẹ̀ yááfì tirẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí ó kù? Ní kọ̀rọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bi wá ní ìbéèrè yìí, ó sì yẹ kí a dáhùn ní gbangba: rárá. Nọ́ọ̀sì tí ó ta oògùn ọ̀fẹ́ fún aboyún, ta ni ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í ṣe káńsù tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Aboyún tí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ ni. Àmọ́ Ànábì wa, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ ìlú, kọ́kọ́ ní kí ẹni tí kò ní aya rí aya fẹ́, kí ẹni tí kò ní ilé rí ilé gbé. Lẹ́yìn èyí ni ó tó pe ẹni tí ó bá gbà kọjá bẹ́ẹ̀ ní olè. Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ọ̀pọ̀ wàásù ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ibi tí wọ́n bá ti mú ìdájọ́ náà ṣẹ, àwáwí pé ìpínlẹ̀ ni ó di owó mú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó ku àwa ará ìlú. Gbogbo ọmọ ilé-kéú ló mọ súrà tí ó fi ègbé bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí ń gba òṣùwọ̀n kíkún, tí wọ́n sì ń dín ti ẹlòmíràn kù. Alátà nìkan kọ́ ni ó ń bá wí. Ìjọba tí ó gba iṣẹ́ oṣù kan tí ó san ìdajì wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó buwọ́ lùwé ní aago mẹ́jọ tí ó sì ti wà lóko ní aago mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Ọlọ́jà tí ó fún agbowó ní ìdajì láìgba rìsíìtì, tí ó sì ń bú agbálẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá káńsù ṣèpàdé, nígbà tí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ alága, ẹ bi í bóyá owó àwọn agbálẹ̀ ti oṣù tí ó kọjá ti dé ọwọ́ wọn. Kí ẹ bi í kí ẹ tó mẹ́nu kan títì.

A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin náà.