Ẹja Inú Gíláàsì: Ta Ni Yóò Dáhùn Fún Un?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá òkun àti ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi àtijọ́, tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ó ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ rẹ̀ tí ó kún fún omi iyọ̀, ẹja òkun àti iyùn abẹ̀mí. Ó lọ sí Úmúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Nígbà tí ó dé, gbogbo iyùn ti kú, wọ́n funfun bí egungun; ẹja méjì péré ló kù. "Àáfà, ṣé mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun? Ìjọsìn ni mo lọ ṣe."

Ẹ má fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará. Iyùn tí àwọn ìyá wa ń fi sọ́rùn, egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Márújánì tí Súrátù Rahmán dárúkọ, iyùn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí.

Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Nítorí náà omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí èyí tó gbẹ, lójoojúmọ́. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, omi á dín, iyọ̀ á le. Ìdọ̀tí ẹja pẹ̀lú ń di amóníà, májèlé tí ojú kì í rí. Àwọn bakitéríà inú òkúta ló ń sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀ nínú àpótí tuntun. Ẹni tí ó bá kánjú kó ẹja sí i lọ́jọ́ kejì, pípa ló ń pa wọ́n, omi á sì mọ́ gaara lójú rẹ̀!

Gbogbo wa la mọ hadisi obìnrin tí ó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kí ó lọ wá oúnjẹ. Àwọn kan fi ń ka sísin ẹran léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́: Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ọmọdé kan ṣeré nípa ẹyẹ kékeré tí ó ń sìn, kò bá a wí. Lójú tèmi, dídè náà ni gbèsè. Ológbò lè já okùn. Ẹja òkun tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ibi tí yóò já sí, omi ẹ̀rọ gan-an yóò pa á. Mo sọ fún un pé ó jẹ̀bi. Lójú àwọn onímọ̀ Málíkì tí à ń tẹ̀lé, Úmúrà kì í ṣe ọ̀ranyàn. Títọ́jú ohun tí a dè, ọ̀ranyàn ni.

Mo tún bá a sọ èyí tí kò béèrè, ibi tí ẹja ti wá. Ní àwọn erékùṣù Banggai ní Indonésíà, ẹja kékeré kan wà tí àwọn oníṣòwò kó tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ IUCN fi kà á mọ́ àwọn tí ìparun ń wu léwu ní 2007. Ní Filipíìnì, àwọn apẹja kan ti fín sáyánáìdì sára iyùn kí ẹja lè dákú. Iyùn á kú síbẹ̀. Ẹni tí ó rà á ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹja tí wọ́n bí sínú àpótí wà lọ́jà, iyùn tí wọ́n gé lára iyùn ilé wà pẹ̀lú. Ìyẹn ni kí ó rà, bí yóò bá tún rà.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní òun ń gbèrò Hájì lọ́dún tí ń bọ̀, àti pé ìyàwó òun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀.