Fíìmù Tí Mo Fẹ́ràn Jù, Mo Jí I Wò Ni

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ wa dá eré kan sílẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ fíìmù márùn-ún tó fẹ́ràn jù lọ láyé rẹ̀. Èmi náà mú bírò. Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání ni mo kọ sí òkè pátápátá, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá ènìyàn jiyàn lórí ìyẹn. Mo kọ Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tẹ̀lé e. Mo kọ Ìjà Òmìnira ti Adé Love. Mo kọ Mother India, fíìmù ará Íńdíà ti ọdún 1957, níbi tí ìyá ti yìnbọn pa ọmọ ara rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Ìkarùn-ún jẹ́ ti àwọn Faransé kan tí n kò tilẹ̀ wò dé ìdajì; mo kàn fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú mi là ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Irọ́ ni mo pa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú márààrún. Ọ̀run Móoru ti Baba Sàlá ni, tí Ọlá Balógun darí, tó jáde ní ọdún 1982. Ẹ ó ní, kí ló wá tini lójú nínú ìyẹn? Ta ni kò fẹ́ràn Baba Sàlá? Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ọdún 1988 ni mo wò ó, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, nínú àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìdúmàgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ẹ̀rọ fídíò méjì. Ní ọ̀sán, a fi ọ̀kan ń han àwọn ọmọ àdúgbò ní kọ́bọ̀ àádọ́ta. Ní òru, bí NEPA bá fún wa ní iná, ẹ̀gbọ́n mi á fi wáyà so méjèèjì pọ̀, á máa da fíìmù láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, ilẹ̀ á mọ́, á kó wọn lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ tà.

Bàbá wa ti kú ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Láti ìgbà náà n kò gbọ́ ẹ̀rín màámi. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò fẹ́ wo nǹkan kan. Baba Sàlá bọ́ sójú fíìmù. Àwọn gbájúẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń sọ owó di púpọ̀ gba gbogbo ohun tó ní. Ó ní òun yóò kú, ó dé ọ̀run, wọ́n ní kò tíì tó àkókò rẹ̀. Màámi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, n kò sì mọ èyí tí í ṣe ẹ̀rín mọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Dá a padà, níbi tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé yẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi dá a padà.

Àgbà ni mo dà kí n tó mọ ohun tí a ṣe. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1903, tí wọ́n fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall, owó ẹnu ọ̀nà ni onísinimá ń jẹ. Láyé Ògúndé àti Adé Love, oní fíìmù fúnra rẹ̀ ni í gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tí í dúró ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀dà kò pọ̀, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Báńkì ni Baba Sàlá ti yáwó ṣe Ọ̀run Móoru. Kí ó tó rí owó náà padà, àwọn kan ti dà á sínú fídíò, ó ti gba ìgboro kan. Ọkùnrin tó ṣe fíìmù nípa ẹni tí wọ́n jà lólè di ẹni tí wọ́n jà lólè. Gbèsè náà kò tán lọ́rùn rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ó kú ní Iléṣà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa. Mo bú àwọn olè wọ̀nyẹn dáadáa. Mo pè wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ewé ọ̀pọ̀tọ́. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó kásẹ́ẹ̀tì Ìdúmọ̀tà ni ẹ̀gbọ́n mi fi san owó ìdánwò WAEC mi, èyí tí mo fi di akọ̀ròyìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwíjàre. Ó ní a kò pa ẹran náà, òkú rẹ̀ la bá nílẹ̀, a kàn gé tiwa. Lóòótọ́, nígbà tí a máa fi bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ti wọ gbèsè tán. Ó tún ní, bí kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì olè, gbọ̀ngàn wo ni ọmọ opó Ìsàlẹ̀ Èkó ì bá ti wo Ọ̀run Móoru? N kò rí èsì fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un, èmi náà wà nísàlẹ̀ àjà níjọ́sí, mo nawọ́. Nísinsìnyí tí àwọn ènìyàn ń da àwọn àròkọ mi kọ sórí WhatsApp láìsí orúkọ mi, ẹ wo bí inú mi ṣe ń ru! Ẹnu olè kan náà ni mo fi ń pariwo olè.

Ṣé kí n wá sọ pé kò yẹ kí màámi rẹ́rìn-ín ní alẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó tì o. Ẹ̀rín yẹn dára, ó ṣe wá lóore. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí gbèsè náà fi wúwo lọ́rùn mi ju bí ì bá ti rí lọ ká ní fíìmù tí kò dùn ni. Ohun tí a jí tí a sì jù nù, kékeré ni. Èyí tó gbé ìyá mi dìde ni Baba Sàlá tà fún wa, tí a kò san kọ́bọ̀ kan. Nígbà tí mo wá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ níwájú àwọn ọmọdé ibi iṣẹ́, mo tún jà á lólè lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú, mo ní mo fẹ́ kọ ọ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Má ṣáà ti dárúkọ mi." Wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde tí eruku ti bò. Ìwé kékeré tí wọ́n fi bírò kọ ní ọdún náà lọ́hùn-ún ṣì wà lára rẹ̀: "Ọ̀run Móoru. Ti Màámi. Kì í ṣe títà." A jókòó, a ń wò ó. Ẹ̀rọ tí a ó fi lò ó kò sí nílé àwa méjèèjì mọ́.